Ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n fọ́mátì láptọ́ọ̀pù àtijọ́ yẹn

Ẹ jẹ́ n ti ibi tó ń dùn mí bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, láptọ́ọ̀pù mi dédé bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ojú búlúù wá láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo sáré gbé e fún ẹnì kan kó bá mi wò ó, ìgbà tí mo máa fi padà débẹ̀ nírọ̀lẹ́ ó ní ó ti ṣiṣẹ́ o, owó dà. Mo tan án, ó mọ́ nini bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Gbogbo fọ́tò ìkómọ ọmọ mi àkọ́kọ́ tó wà nínú ẹ̀ ti lọ. Ó ti fọ́mátì ẹ̀. Kò dẹ̀ ju bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí wàhálà míì tún fi bẹ̀rẹ̀, déètì ò dúró sójú kan, íńtánẹ́ẹ̀tì ò ṣí, ìgbà yẹn ni mo wá jókòó tì í fúnra mi tí mo rí ohun tó ń ṣe é gan an látìbẹ̀rẹ̀. Màá sọ ọ́ tá a bá débẹ̀, ẹ ò ní gbàgbọ́ bó ṣe kéré tó.

Èmi kì í ṣe ẹnjiníà o. Ìwé ni mò ń tẹ̀ fáwọn èèyàn ní Agbowó, iwájú UI níbẹ̀, pírójẹ́ẹ̀tì, CV, lẹ́tà, gbogbo ẹ̀. Kò sí ọ̀kan tó jẹ́ tuntun nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí mò ń lò, tókúnbọ̀ ni gbogbo wọn, HP EliteBook 8460p méjì, Dell Latitude E6420 kan, ọdún 2011 ni wọ́n gbé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn jáde, àti dẹ́sítọ́ọ̀pù kan tó ti pẹ́ débi pé funfun ara ẹ̀ ti di àwọ̀ ẹ̀kọ ọ̀gì. Wọ́n ṣì ń jẹ́ kí n jẹun. Ohun tí mo rí lára wọn ni pé púpọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń fọ́mátì káàkiri, àìsàn tó ń ṣe wọ́n ò kan Windows inú wọn rárá, tó bá dẹ̀ kàn án náà, ó ní àwọn nǹkan tẹ́ ẹ lè ṣe nílé kó tó kan fọ́mátì. Fọ́mátì ló rọrùn jù fún ẹni tó ń ṣe é, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sáré sí i. Kì í kúkú ṣe fáìlì tiwọn ló wà nínú ẹ̀.

Fáìlì ná, kí nǹkan míì tó tẹ̀ lé e

Mo mọ̀ pé ara ń kán yín, ẹ fẹ́ kó ṣiṣẹ́ kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ ní sùúrù. Tó bá ṣì ń tàn dé ojú Windows, ẹ ki fúláàṣì tàbí háàdì dísìkì ìta bọ̀ ọ́, ẹ lọ sí C, ẹ ṣí Users, ẹ ṣí fóódà tó ń jẹ́ orúkọ yín, kẹ́ ẹ kó Desktop, Documents, Downloads àti Pictures. Desktop yẹn ló ṣe pàtàkì jù torí ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń da fáìlì sí, wọ́n á tò ó bí ẹni pàtẹ ata ní Bódìjà títí tí àwòrán ẹ̀yìn ẹ̀ ò fi ní hàn mọ́.

Tí kò bá wá tàn dé ojú Windows ńkọ́? Fáìlì ò tíì sọnù. Ẹ yá kọ̀ǹpútà ẹlòmíì, ẹ fi gba Linux Mint sílẹ̀ (ètò ọ̀fẹ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí Windows ń ṣe, ó lé ní gígábáìtì méjì, so ẹ wá ibi tí dátà ti pọ̀), kẹ́ ẹ fi àpù tó ń jẹ́ Rufus kọ ọ́ sórí fúláàṣì. Rufus máa pa gbogbo ohun tó bá wà lórí fúláàṣì yẹn rẹ́ o, ẹ má lo èyí tí nǹkan pàtàkì wà nínú ẹ̀ kẹ́ ẹ máa wá sọ pé èmi ni mo ní kẹ́ ẹ ṣe é. Ẹ ki fúláàṣì náà bọ láptọ́ọ̀pù tó ń ṣàìsàn, ẹ tan án, bó ṣe ń tàn ni kẹ́ ẹ máa tẹ F9 léraléra tó bá jẹ́ HP, tó bá jẹ́ Dell tàbí ThinkPad F12 ni. Á kó orúkọ jọ síwájú yín, ẹ mú fúláàṣì. Linux á ṣí láìfọwọ́ kan Windows yín, ẹ máa rí háàdì dísìkì yín níbẹ̀, ẹ kó ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kó. Ẹ má ṣáà ti tẹ ibi tí wọ́n kọ Install sí.

Ohun kan wà tí mo máa tẹnu mọ́. Tí háàdì dísìkì bá ń dún ká, ká, ká bí ẹni tó ń fi eyín fọ́ eegun, ẹ fi gbogbo nǹkan tó kù sílẹ̀ kẹ́ ẹ kó fáìlì nìkan, èyí tó ṣe pàtàkì jù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kó, torí ó lè má tàn mọ́ tẹ́ ẹ bá pa á. Irú háàdì dísìkì bẹ́ẹ̀, ẹ má fi chkdsk (àṣẹ tí Windows fi ń yẹ dísìkì wò) dà á láàmú, ńṣe ló máa sáré kú.

Kí ló ṣẹlẹ̀ kó tó di báyìí

Oníbàárà mi kan, ìyá tó ń ta aṣọ, gbé láptọ́ọ̀pù wá ó ní òun ò ṣe nǹkankan fún un. Mo ní màmá, ẹ rò ó dáadáa. Nígbà tó yá ó ní ṣé ti pé ọmọ òun fi gbá bọ́ọ̀lù sínú ẹ̀ náà jẹ́ nǹkan ni. Géèmù bọ́ọ̀lù tí ọmọ náà gbé wọlé láti orí fúláàṣì ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló kó fáírọ́ọ̀sì wá. So ẹ bi ara yín: ṣé iná lọ lójijì nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ni? Ṣé ẹ fi àpù tuntun sí i? Ṣé Windows ń ṣe àpudéètì ẹ pa á? Ṣé ó já bọ́, àbí omi kán sí i? Ìdajì iṣẹ́ ti parí tẹ́ ẹ bá lè dáhùn ìyẹn.

Lẹ́yìn náà ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ gbé dání. Ẹ di bọ́tìnì Windows mú pẹ̀lú R, ẹ kọ winver, ẹ tẹ Enter, á sọ Windows tó jẹ́ fún yín. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ kọ msinfo32, á sọ iye RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) àti bóyá 32-bit ni àbí 64-bit. Ìyẹn ò ṣeé fojú fò o. Mo mọ arákùnrin kan tó ra RAM 8GB sínú kọ̀ǹpútà tí Windows inú ẹ̀ jẹ́ 32-bit, Windows yẹn ò lè lò ju 4GB lọ, kò tiẹ̀ ní lo mẹ́rin náà pé, owó ẹ̀ kàn jókòó síbẹ̀ ni.

Kò tàn rárá, tàbí ó tàn tó ṣókùnkùn

Ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ bátìrì tó bá ṣeé yọ, ẹ tẹ bọ́tìnì tẹ́ ẹ fi ń tan án mọ́lẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, ẹ dá ṣájà nìkan padà, ẹ tan án. Ó máa ń yà mí lẹ́nu bí èyí ṣe ń ṣiṣẹ́ tó, pàápàá tí jẹnẹrétọ̀ bá ti fi iná ṣe é ségesège.

Tó bá ń tàn tí fáànù ń yí àmọ́ tí ojú ẹ̀ dúdú, ẹ tẹ Caps Lock. Tí iná ẹ̀ bá ń tàn tó ń kú bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà ti jí, síkírìn ló ń sùn. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí síkírìn náà níbi tó ṣókùnkùn, tẹ́ ẹ bá rí àwòrán fírífírí lẹ́yìn ẹ̀, iná ẹ̀yìn síkírìn ló ti lọ. Ẹ so ó mọ́ mọ́nítọ̀ míì tàbí tẹlifíṣọ̀n kẹ́ ẹ lè kó fáìlì yín.

Àmọ́ tí Caps Lock bá ń ṣẹ́jú fúnra ẹ̀, tàbí kọ̀ǹpútà ń ké píìpù píìpù, RAM ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ yọ iná àti bátìrì, ẹ tú sikirúù ìdérí abẹ́ ẹ̀, ẹ yọ RAM, ẹ fi kílínà táwọn ọmọdé fi ń pa pẹ́ńsùlù rẹ́ nu ẹnu góòlù ẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ fẹ́ eruku ibẹ̀ kúrò, ẹ dá a padà kó wọlé dáadáa títí tó máa fi dún tá. Tó bá jẹ́ méjì ni, ẹ gbìyànjú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lásìkò ọyẹ́ tí eruku bá bo gbogbo ìlú, bí mo ṣe ń ṣe fún dẹ́sítọ́ọ̀pù mi nìyẹn, kò tíì já mi kulẹ̀.

Bátìrì kékeré tó jẹ mí ní fọ́tò

Ó ti tó kí n sọ ọ́ báyìí. Bátìrì kan wà lórí bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà, ó rí roboto bíi kọ́ìnì, CR2032 ni wọ́n ń pè é, fólítì mẹ́ta, òun náà ló wà nínú rìmóòtù mọ́tò míì, àwọn tó ń tún agogo ṣe máa ń ní in. Iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kó máa rántí aago àti ètò BIOS, ìyẹn ètò kékeré tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó ṣí, tí iná ò bá sí. Tí kọ̀ǹpútà bá ti pé ọdún mẹ́wàá ó ṣeé ṣe kí bátìrì yẹn ti kú, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá sì yọ iná, kọ̀ǹpútà máa gbàgbé ọjọ́ tòní á padà sí ọdún tí wọ́n ṣe é.

Déètì tó sọnù yìí, ohun tó ń dá sílẹ̀ pọ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣí wẹ́ẹ̀bù, Chrome á kọ Your connection is not private, ẹ máa rò pé dátà yín ló bàjẹ́ tàbí pé wọ́n ti jà yín lólè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo wẹ́ẹ̀bù ló ní ìwé ẹ̀rí tó ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí, tí kọ̀ǹpútà yín bá rò pé ọdún 2011 la ṣì wà, lójú tiẹ̀ ìwé ẹ̀rí yẹn ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún déètì ṣe nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún síkírìn, gbogbo ẹ̀ á ṣí. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń wo aago kọ̀ǹpútà oníbàárà kí n tó wo nǹkan míì.

Ibi tó wá ti pa mí lára ni ètò BIOS. Nígbà tí bátìrì tèmi kú, BIOS padà sí bó ṣe wà látilé iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ Windows mi ní ọ̀nà kan tí wọ́n gbà so ó mọ́ háàdì dísìkì nígbà tí wọ́n ń fi sí i, ọ̀nà náà ti yí padà, Windows ò rí ilé ara ẹ̀ mọ́. Ojú búlúù ló gbé wá, ó kọ 0x0000007B síbẹ̀. Tó bá jẹ́ Windows 10, INACCESSIBLE BOOT DEVICE ló máa kọ. Ẹni tó bá ti rí nọ́ńbà yìí lẹ́yìn tí bátìrì kú tàbí tí ẹnì kan ti tọwọ́ bọ BIOS, ẹ má gbé e lọ síbì kankan, ẹ ṣe báyìí.

Ẹ tan kọ̀ǹpútà, ẹ máa tẹ F10 fún HP, F2 fún Dell, F1 fún ThinkPad, títí BIOS á fi ṣí. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ SATA Mode tàbí SATA Operation sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yan ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà gbà ń bá háàdì dísìkì sọ̀rọ̀, ó máa ń fara pamọ́ sábẹ́ Advanced tàbí System Configuration. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò bó ṣe wà, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé orí yín. Tó bá jẹ́ IDE tàbí ATA ló wà níbẹ̀, ẹ sọ ọ́ di AHCI, tó bá jẹ́ AHCI, ẹ gbìyànjú èkejì. Ẹ tún déètì ṣe bẹ́ ẹ ṣe wà níbẹ̀, ẹ yan Save kẹ́ ẹ tó jáde. Tí Windows bá ṣí, ó tán. Tí kò bá ṣí, ẹ dá a padà sí bó ṣe wà nínú fọ́tò, ó jẹ́ pé nǹkan míì ni. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Mo fi fọ́tò ọmọ mi san ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn.

Tẹ́ ẹ bá máa pààrọ̀ bátìrì náà fúnra yín, ti dẹ́sítọ́ọ̀pù rọrùn, ẹ yọ iná, ẹ fi èékánná ṣí i, ẹ fi tuntun sí i kí ibi tí wọ́n kọ àmì àròpọ̀ sí dojú kọ òkè. Ti láptọ́ọ̀pù míì ní wáyà méjì lára, ẹ ra oníwáyà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jó lẹ́ẹ̀dì mọ́ bátìrì lásán fún yín.

Ó ń falẹ̀ bí ìgbín

Èyí ló pọ̀ jù. Bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìntì, láti apá Mọ́nàtán, gbé Dell wá bá mi, ó ní ọmọ mi, kọ̀ǹpútà yìí ti darúgbó bíi tèmi, tí mo bá tan án láàárọ̀ mo lè jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ín-mọ́ín tán kó tó ṣí. Mo ní bàbá, ẹ jẹ́ n wò ó. Mo di Ctrl àti Shift mú, mo tẹ Esc, Task Manager ṣí. Áńtífáírọ́ọ̀sì mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀! Mẹ́ta! Gbogbo ẹni tó ń bá bàbá tún un ṣe ló ń fi tiẹ̀ sí i láìyọ ti ẹni tó ṣáájú, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá ń ṣọ́ ara wọn kiri. Mo yọ gbogbo wọn kúrò nínú Control Panel, Windows 10 ni, Defender tó bá a wá ti tó o. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí kí bàbá tó bu mọ́ín-mọ́ín ẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Nínú Task Manager yẹn, ohun mẹ́ta ni kẹ́ ẹ wò: CPU, Memory, Disk. Ẹ fún un ní bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn tó bá tàn kẹ́ ẹ tó gba ohun tó bá sọ gbọ́, torí ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ara ẹ̀ máa ń gbóná. Tí Memory bá wà ní bíi 90 lókè, ẹ tẹ orí ẹ̀ kó to àwọn àpù láti orí ẹni tó ń jẹun jù, búráúsà ló máa ń jẹ́, ẹ pa àwọn táàbù ogójì tẹ́ ẹ ṣí sílẹ̀ láti oṣù tó kọjá. Ẹ lọ sí Startup níbẹ̀ kan náà, ẹ fi Disable sí gbogbo àpù tí kò bá nídìí tó fi gbọ́dọ̀ jí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Windows 7 ò ní Startup nínú Task Manager, msconfig ni kẹ́ ẹ kọ sínú Windows àti R.

C tó kún fọ́fọ́ náà máa ń fà á. Ẹ kọ cleanmgr sínú Windows àti R, ẹ jẹ́ kó gbá ilẹ̀. Ẹ tún kọ %temp%, ẹ pa ohun tó bá gbà kẹ́ ẹ pa, èyí tó bá kọ̀ ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má wọ inú fóódà Windows lọ máa pa nǹkan rẹ́ torí pé ẹ ò mọ orúkọ ẹ̀ o.

Tí Disk bá wá wà ní 100% ní gbogbo ìgbà, tí kò sí ohun tẹ́ ẹ ń ṣe, ẹ̀yin àti háàdì dísìkì àtijọ́ ni. Ẹ gba àpù ọ̀fẹ́ tó ń jẹ́ CrystalDiskInfo sílẹ̀, tó bá kọ Good pẹ̀lú búlúù, ara dísìkì ṣì le, tó bá kọ Caution pẹ̀lú yẹ́lò, ó ti ń ṣàìsàn, fáìlì yín ni kẹ́ ẹ máa sáré kó. Èyí tí ara ẹ̀ le náà, Windows 10 ti wúwo jù fún un. Ẹ ra SSD, ìyẹn dísìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú, tó yára ju háàdì dísìkì lọ. Mi ò mọ ohun míì tẹ́ ẹ lè fi owó ra fún kọ̀ǹpútà ọdún 2011 tó tún máa yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀, RAM ò tó o. SSD SATA onínṣì méjì ààbọ̀ ló máa wọ HP àti Dell tí mo dárúkọ lókè, háàdì dísìkì inú wọn náà kò tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àpù ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Clonezilla tó lè da gbogbo ohun tó wà lórí háàdì dísìkì sórí SSD láìfọ́mátì nǹkankan, ojú ẹ̀ burú díẹ̀ ṣùgbọ́n ó mọṣẹ́, ẹ ṣáà ka orúkọ dísìkì méjèèjì dáadáa kẹ́ ẹ má lọ da èyí tó ṣófo sórí èyí tó kún.

RAM ló kàn lẹ́yìn ìyẹn. DDR3 làwọn kọ̀ǹpútà yẹn ń lò, DDR4 ò ní wọlé síbẹ̀, ẹnu ẹ̀ yàtọ̀, tẹ́ ẹ bá rí i pé ó ń kọ̀ ẹ má fi agbára tì í.

Tó bá jẹ́ pé ó máa ń gbóná tó ń kú fúnra ẹ̀ lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, eruku inú fáànù ni, ẹ gbọn ọ́n, ẹ dẹ̀ yé gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ojú búlúù tí kì í ṣe ti bátìrì, àti àpù tó ń ṣubú

Iná tó ń lọ lójijì ló ń ba fáìlì Windows jẹ́ jù níbí, pàápàá dẹ́sítọ́ọ̀pù tí kò ní UPS. Bó ṣe ń kọ nǹkan lọ́wọ́ ni iná á lọ, ìdajì á wà níbẹ̀, ìdajì ò ní sí.

Tí Windows ò bá ṣí, ẹ wọ Safe Mode, ìyẹn ni pé kí Windows ṣí pẹ̀lú kìkì ohun tí kò lè ṣe kó má ní. Windows 7, F8 ni kẹ́ ẹ máa tẹ̀ bó ṣe ń tàn. Windows 10 ò gba ìyẹn mọ́, ẹ tan án, bí àmì Windows bá ti yọ ẹ pa á pẹ̀lú bọ́tìnì, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́yìn ìyẹn ó máa gbé àtúnṣe wá fúnra ẹ̀. Ẹ mú Troubleshoot, Advanced options, Startup Settings, Restart, kẹ́ ẹ wá tẹ 4. Tó bá ṣí nínú Safe Mode, ẹ yọ àpù tẹ́ ẹ fi sí i kẹ́yìn. Tí ìyẹn ò bá tó, ẹ kọ rstrui sínú Windows àti R, ẹ dá Windows padà sí ọjọ́ tí ara ẹ̀ ṣì yá, kì í fọwọ́ kan ìwé àti fọ́tò.

Lẹ́yìn náà, tó bá ti ṣí padà bó ṣe yẹ, ẹ kọ cmd síbi tẹ́ ẹ ti ń wá nǹkan, ẹ fi apá ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, ẹ mú Run as administrator. Ẹ kọ:

sfc /scannow

Ó máa yẹ àwọn fáìlì Windows wò, ó máa pẹ́. Ó lè dúró sójú kan bí ẹni tó sùn, ẹ má pa á. Tó bá ní òun rí ohun tó bàjẹ́ àmọ́ òun ò lè tún gbogbo ẹ̀ ṣe, tó bá jẹ́ Windows 10, ẹ so íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn, ẹ kọ:

DISM /Online /Cleanup-Image /RestoreHealth

Tó bá parí ẹ tún padà ṣe sfc. Èyí tó kẹ́yìn ni chkdsk C: /f, á ní òun ò lè ṣe é báyìí, ṣé kóun ṣe é tẹ́ ẹ bá tún un tan, ẹ tẹ Y. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ chkdsk nígbà tí bátìrì láptọ́ọ̀pù ti kú tí iná dẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀.

Fúláàṣì tí gbogbo fáìlì ẹ̀ di ṣọ́ọ̀tíkọ́ọ̀tù

Ẹni tó bá ń gbé fúláàṣì lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé mọ èyí. Ẹ ki i bọ kọ̀ǹpútà, gbogbo fóódà ti ní àmì ọfà kékeré lára. Ẹ má tẹ ìkankan níbẹ̀ o, títẹ̀ yẹn ni fáírọ́ọ̀sì ń dúró dè. Fáìlì yín ò lọ, wọ́n kàn fi wọ́n pamọ́ ni. Ẹ wo lẹ́tà tí fúláàṣì ń jẹ́, ká ní E ni, ẹ ṣí cmd, ẹ kọ:

attrib -h -r -s /s /d E:\*.*

Ẹ dúró kó parí, ẹ ṣí fúláàṣì padà, fáìlì yín á ti hàn, nígbà míì inú fóódà kan tí kò ní orúkọ ni wọ́n máa wà. Ẹ kó wọn síbòmíì, ẹ pa àwọn ṣọ́ọ̀tíkọ́ọ̀tù àti fáìlì tí orúkọ ẹ̀ parí sí .vbs rẹ́. Fúláàṣì ni kẹ́ ẹ fọ́mátì, ìyẹn ò dùn mí. Ẹ wá fi Defender yẹ kọ̀ǹpútà gan an wò, Windows 10 ní èyí tí wọ́n kọ offline scan sí nínú ètò ààbò ẹ̀, ó máa tún kọ̀ǹpútà tan kó tó ṣiṣẹ́, torí tí fáírọ́ọ̀sì bá wà nínú kọ̀ǹpútà, fúláàṣì tuntun náà á tún kó o.

Púpọ̀ nínú fáírọ́ọ̀sì tí mo ń rí, àwọn àpù tí wọ́n fi ń jí Windows àti Office lò ló gbé e wọlé. Àpù tó bá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pa áńtífáírọ́ọ̀sì kóun tó wọlé, olè ló ní kẹ́ ẹ so ajá mọ́lẹ̀ yẹn.

Wẹ́ẹ̀bù ò ṣí bó ṣe yẹ, àpù ní Windows yín ti gbó

Tí déètì bá dáa tí wẹ́ẹ̀bù ṣì ń kọ̀, ẹ wo Windows yín. Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ààbò dúró fún XP ní 8 April 2014, Windows 7 ní 14 January 2020, 8.1 ní 10 January 2023, Windows 10 náà ní 14 October 2025, àfi ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún tó dé 13 October 2026. Chrome 109 ni ìkẹyìn tó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows 7. Firefox ESR 115 náà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àtúnṣe ààbò tiẹ̀ pẹ́ ju ti Chrome lọ.

Windows 11 ń béèrè TPM 2.0, ìyẹn ẹ̀rọ ààbò kékeré kan nínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà ọdún 2011 ò ní in. Àwọn kan mọ bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀yìn wọlé, mi ò bá wọn ṣe é fún èyí tí mo fi ń jẹun. Mo fi Linux Mint Xfce sórí ọ̀kan nínú àwọn HP mi, RAM 2GB ni wọ́n ní kó kéré tán, 4GB ló tura. Ó yá, kì í yọ èèyàn lẹ́nu pẹ̀lú àpudéètì. Kí n má purọ́, LibreOffice máa ń da tébù inú pírójẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ yunifásítì rú nígbà míì, torí ẹ̀ ni mo fi fi Windows sílẹ̀ lórí ìyókù, PDF ni mo dẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀wé láti orí Linux.

Tó bá wá di dandan kẹ́ ẹ fọ́mátì

Lóòótọ́, ìgbà míì wà tí kò sí ọ̀nà míì. Ẹ ti kó fáìlì, ẹ tún wò ó lórí kọ̀ǹpútà míì pé wọ́n ń ṣí. Ẹ gba díráfà Wi-Fi láptọ́ọ̀pù yín sílẹ̀ láti wẹ́ẹ̀bù HP tàbí Dell, ẹ fi sórí fúláàṣì, torí tí Windows tuntun ò bá mọ Wi-Fi yín, ẹ ò ní rí íńtánẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ máa fi gba díráfà náà, ẹ kàn máa jókòó máa wò ó. Ẹ wọ BIOS, ẹ fi sí AHCI kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Fúláàṣì 8GB tó gba ẹ̀dà Windows tààrà láti ọ̀dọ̀ Microsoft ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe ti ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ yín. Nígbà tó bá ń béèrè ibi tẹ́ ẹ fẹ́ fi Windows sí, ẹ ka iye gígábáìtì dáadáa, C nìkan ni kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn, ẹ fi D sílẹ̀.

Tó bá ti jí, ẹ gé bébà kékeré, ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ pààrọ̀ bátìrì sí i, kẹ́ ẹ kọ bóyá AHCI ni àbí IDE, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ láptọ́ọ̀pù. Tèmi ṣì wà lábẹ́ HP yẹn, ìnkì ẹ̀ ti ń ṣá díẹ̀, àmọ́ ó ṣì ṣeé kà.